Ọwọ́ Awakọ̀ Ni Ẹ̀mí Agunkẹ̀kẹ́ Wà

Mítà kan àbọ̀ ni. Kí àgbàlagbà dìde dúró, kó na apá rẹ̀ méjèèjì, láti orí ìka ọ̀tún dé orí ìka òsì, ó tó bẹ́ẹ̀, ó tiẹ̀ lè lé díẹ̀. Ìyẹn ni àyè tó kéré jù tí ìwé òfin ojú pópó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí awakọ̀ fi sílẹ̀ bó bá fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere kọjá, bí eré ọkọ̀ rẹ̀ kò bá ju máìlì 30 ní wákàtí kan lọ. Bí eré bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àyè náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ sí i. Ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2022 ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé náà báyìí, pẹ̀lú àwọn àtúnṣe mìíràn tí mo máa mẹ́nu bà. Mo fi í ṣíwájú nítorí pé títí di òní, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wakọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, tó fi mọ́ àwọn ọmọ Yorùbá ẹgbẹ́ mi, ni kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀.

Bọ́ọ̀sì alájà méjì ni mo ń wà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, láàárín Peckham, Camberwell àti Elephant and Castle. Kí èrò kankan tó wọ̀ ọ́, ó ti wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 12. Kẹ̀kẹ́ àti ẹni tó gùn ún, tòun ti báàgì ẹ̀yìn rẹ̀, kì í sábà ju ọgọ́rùn-ún kílò lọ. Láti orí ìjókòó mi, mo ń rí iwájú, mo ń rí ọ̀tún, mo ń rí òsì, mo sì ń rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọkọ̀ àti kẹ̀kẹ́ lójoojúmọ́. Ohun tí mo rí ló jẹ́ kí n mọ èyí tí mo fẹ́ sọ: ìbínú tó ń bí awakọ̀ sí agunkẹ̀kẹ́, ti awakọ̀ fúnra rẹ̀ ni. Kò sí agunkẹ̀kẹ́ kankan tó bá a gbé e wọnú ọkọ̀. Ohun tó bá sì fi ìbínú náà ṣe, òun ló ṣe é.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, òjò ń ṣẹ́ wínniwínni, mo dúró sí ibùdókọ̀ kan ní Old Kent Road kí èrò lè wọlé. Nínú dígí ọ̀tún mo rí ọmọkùnrin kan lórí kẹ̀kẹ́, ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn tó bá rà á lórí fóònù. Àpótí onígun mẹ́rin wà lẹ́yìn rẹ̀, iná pupa kékeré ń ṣẹ́jú lábẹ́ ìjókòó rẹ̀. Bọ́ọ̀sì mi ti dí i lọ́nà, nítorí náà ó bojú wẹ̀yìn, ó na ọwọ́ ọ̀tún láti fi hàn pé òun fẹ́ yà, ó sì bọ́ sí àárín títì láti gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Bó ṣe yẹ kó ṣe é gan-an nìyẹn. Ọkọ̀ dúdú kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Awakọ̀ náà tẹ fèrè mọ́lẹ̀, kò gbọ́wọ́ kúrò lórí rẹ̀. Kò dúró. Ó ki imú ọkọ̀ bọ àárín ọmọ náà àti ìlà funfun, ó ń tì í bọ̀ sọ́dọ̀ mi díẹ̀díẹ̀ títí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara bọ́ọ̀sì. Mo rí ojú ọmọ náà nínú dígí. Kò bínú. Ẹ̀rù ló bà á. Ìyá àgbà kan tó ń fi káàdì rẹ̀ kan ẹ̀rọ lẹ́nu ọ̀nà rí i náà, ó ké pé, "Yéè, ó fẹ́ẹ́ pa á!" Fèrèsé ọkọ̀ dúdú náà wálẹ̀, ohùn tó sì jáde níbẹ̀, ohùn ilé wa ni: "Ṣé o dágbére nílé ni?"

Ó fi eré burúkú lọ. Iná pupa dá a dúró níwájú, ibẹ̀ kò tó ọgọ́rùn-ún mítà sí wa. Nígbà tí èmi náà fi dé ibẹ̀, ọmọ oníkẹ̀kẹ́ ti wà lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́, àwọn méjèèjì ń dúró de iná kan náà.

Ẹni tó bá dàgbà ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó mọ ìbéèrè yẹn. À ń jù ú sí ẹni tó bá sáré kọjá níwájú ọkọ̀, sí ọlọ́mọlanke, sí ọlọ́kadà, sí obìnrin tó ru igbá. Ó ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé etí wa kì í gbọ́ ọ. Àmọ́ ohun tí awakọ̀ ń sọ ni pé: bí o bá kú báyìí, èmi ni màá pa ọ́, ẹ̀bi rẹ ló sì máa jẹ́. Ó mọ agbára tó wà lọ́wọ́ òun, ó sì ti yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ohun tí agbára náà bá ṣe. Kò pa mí lẹ́rìn-ín rárá.

N kò mọ ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n mo mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí pé àárín wa ló ń gbé. Bó bá pàdé ọmọ yẹn lórí àtẹ̀gùn ilé, á ní "pẹ̀lẹ́ o". Bó bá fara gbún un ní ọjà Peckham, á bẹ̀ ẹ́. Lóde ìnáwó ọjọ́ Sátidé, bó bá rí àgbàlagbà, á dọ̀bálẹ̀ tòun ti agbádá. Kó wá wọnú ọkọ̀, kó ti ilẹ̀kùn, kó gbé dígí sókè, ojú á kúrò lójú, ìtìjú á sì bá a lọ. Kò rí ọmọ ẹnì kan mọ́ níwájú rẹ̀, ohun tó dí i lọ́nà ló ń rí.

Àwọn olùwádìí kan ní Ọsirélíà yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 2019. Wọ́n fi àwòrán kan han èèyàn tó tó 442, àwòrán tó bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀dá tí kì í ṣe ènìyàn, tó sì ń yí padà díẹ̀díẹ̀ títí tó fi di ènìyàn pípé. Wọ́n ní kí wọ́n fi hàn ibi tí agunkẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀. Nínú àwọn tí kì í gun kẹ̀kẹ́, ó ju ìdajì lọ tí kò gbé agunkẹ̀kẹ́ dé ipò ènìyàn pípé. Ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n bi léèrè jẹ́wọ́ pé àwọn ti mọ̀ọ́mọ̀ fi ọkọ̀ dí agunkẹ̀kẹ́ lọ́nà rí. Ìdá 11 jẹ́wọ́ pé àwọn ti mọ̀ọ́mọ̀ wa ọkọ̀ sún mọ́ ọn. Bí ẹnì kan bá sì ṣe rẹ agunkẹ̀kẹ́ sílẹ̀ tó lójú ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń fòòró ẹ̀mí rẹ̀ tó lójú pópó. Nígbà tí mo kà á, ọkùnrin Old Kent Road ló wá sí mi lọ́kàn.

Iṣẹ́ mìíràn tún wà tó ti pẹ́ ju ìyẹn lọ. Ian Walker, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá tó wà ní Yunifásítì Bath nígbà náà, gbé ẹ̀rọ tó ń wọn àyè sára kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní 2006, ó sì gùn ún káàkiri Salisbury àti Bristol títí ọkọ̀ tó lé ní 2,300 fi gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Nígbà tó dé akoto, àwọn ọkọ̀ sún mọ́ ọn ju ìgbà tí kò dé nǹkan kan sórí lọ, ìyàtọ̀ náà sì tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ àbọ̀. Nígbà tó wá dé wíìgì onírun gígùn, tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn fi lè rò pé obìnrin ni, wọ́n fi àyè tó fẹ̀ sílẹ̀ fún un. Bọ́ọ̀sì kan gbá a nínú iṣẹ́ ìwádìí náà, lọ́rì kan náà gbá a, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Wíìgì yẹn ni n kò lè gbàgbé. Títì kan náà ni, kẹ̀kẹ́ kan náà ni, ọkùnrin kan náà ni. Ọwọ́ awakọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fi àyè sílẹ̀, ó ń ṣe é fún ẹni tó bá wù ú.

Ẹ bi awakọ̀ tínú ń bí, ohun àkọ́kọ́ tó máa sọ ni pé, "Wọn ò san owó títì!" Mo ti gbọ́ ọ nínú yàrá ìsinmi níbi iṣẹ́, mo ti gbọ́ ọ nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí owó títì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti wà rí lóòótọ́: àpò kan wà tí wọ́n ń kó owó ọlọ́kọ̀ sí, òun ni wọ́n sì fi ń tún ọ̀nà ṣe. Winston Churchill, nígbà tó jẹ́ mínísítà ìṣúná, ló bẹ̀rẹ̀ sí í bu owó náà fún nǹkan mìíràn ní 1926. Ó ti rí i pé bí wọ́n bá jẹ́ kí ọlọ́kọ̀ máa rò pé owó òun ni wọ́n fi ṣe títì, kò ní pẹ́ tó fi máa sọ pé òun ló ni títì. Nígbà tó fi di 1937, ètò náà ti kógbá sílé pátápátá. Owó tí à ń san lórí ọkọ̀ lónìí, èéfín tó ń jáde nídìí ọkọ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀, àpò gbogbogbòò ìjọba ló sì ń lọ. Ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná kò san kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ títí di oṣù Kẹrin ọdún 2025, síbẹ̀ n kò rí ẹni tó torí ìyẹn sún ọkọ̀ mọ́ wọn. Títì àdúgbò tí agunkẹ̀kẹ́ ń gùn, owó tí òun náà ń san fún ìjọba ìbílẹ̀ lórí ilé tó ń gbé wà nínú ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló tún ní ọkọ̀ tiwọn nílé. Ohun tí Churchill ń bẹ̀rù ti ṣẹlẹ̀, bí owó títì tilẹ̀ ti di ìtàn kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pariwo rẹ̀.

Wọ́n á tún ní agunkẹ̀kẹ́ ń gba àárín títì. Ìwé òfin ló ní kó gbà á, níbi tí ọ̀nà bá ti há, ní oríta, àti ní títì tí ọkọ̀ kò pọ̀. Bó bá fara mọ́ etí títì, kòtò wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí wọ́n páàkì lè ṣí lù ú, ẹni tó sì ń bọ̀ lẹ́yìn á rò pé àyè wà láti há ara òun gba ibẹ̀. Wọ́n á ní wọ́n ń gùn ún ní méjì-méjì. Òfin gbà bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń yá láti kọjá lára èèyàn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ju méjì tó tò tẹ̀lé ara wọn lọ. Wọ́n á ní wọ́n ń já iná pupa. Àwọn kan ń já a, ó burú, mo ti rí i, ọlọ́pàá sì lè bu owó ìtanràn lé wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ilé ẹjọ́ kankan ní ilẹ̀ yìí tó ń dá ẹjọ́ ikú fún ẹni tó já iná pupa. Kí ló dé tí awakọ̀ kan á fi dá a fúnra rẹ̀, tó sì máa jẹ́ ẹlòmíràn tí kò já iná rárá ló máa dá a fún?

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé òkè Denmark Hill. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo wà lẹ́yìn obìnrin kan lórí kẹ̀kẹ́, aṣọ nọ́ọ̀sì hàn lábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ń gun òkè lọ sí King's College Hospital. Ó ń tiraka, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń mì sọ́tùn-ún sósì díẹ̀ bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ tì í. Ọkọ̀ ń bọ̀ níwájú lápá kejì, mítà kan àbọ̀ kò sí níbẹ̀. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n sọ fún mi lórí rédíò inú bọ́ọ̀sì pé mo ti pẹ́. Àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn mi ń fọn fèrè, èrò kan ní ìsàlẹ̀ ń kùn. Mo ṣírò rẹ̀ nígbà tí mo délé: bí èèyàn bá rin mítà 200 ní eré máìlì 12 ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú àáyá 37 ni. Bó bá rìn ín ní máìlì 20, èyí tó jẹ́ òté eré ní ọ̀pọ̀ títì wa, ìṣẹ́jú àáyá 22 ni. Ìṣẹ́jú àáyá 15 ni gbogbo ariwo yẹn. King's wà lára ilé ìwòsàn mẹ́rin tí wọ́n ń gbé àwọn tó fara pa yánnayànna lọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí mo bá gbá obìnrin náà, ibẹ̀ ni wọ́n máa gbé e lọ, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló sì máa gbà á sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹni tí kò bá wa ọkọ̀ ńlá rí kì í mọ bí ọkọ̀ ṣe ń jìnnà kó tó dúró. Ìwé òfin yẹn kan náà fi hàn pé ní eré máìlì 20, láti ìgbà tí ojú bá ti rí ewu títí ọkọ̀ kékeré á fi dúró jẹ́ mítà 12. Ní máìlì 30, mítà 23 ni, èyí tó gùn tó bọ́ọ̀sì mi méjì tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Ní máìlì 40, mítà 36 ni. Bí títì bá tutù, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ẹni tó bá ń sún mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kó lè dẹ́rù bà á, kó yáa gbà pé bí kẹ̀kẹ́ náà bá kọ lu kòtò, tí ẹni tó gùn ún ṣubú, búréèkì kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Àtúnṣe ọdún 2022 tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ gbé ohun kan kalẹ̀ tí inú mi dùn sí gan-an. Ó ní ẹni tí ohun tó ń wà bá lè ṣe ìpalára tó pọ̀ jù, òun ni ojúṣe rẹ̀ pọ̀ jù láti ṣọ́ra. Lọ́rì àti bọ́ọ̀sì ló wà lókè pátápátá, ọkọ̀ kékeré tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà alùpùpù. Agunkẹ̀kẹ́ náà ní ojúṣe sí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Kò sí ẹni tí wọ́n sọ fún pé kó má ṣọ́ra, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn pàápàá. Àwọn kan bínú sí i nígbà náà, wọ́n ní wọ́n ti gbé títì fún oníkẹ̀kẹ́. Kí ló ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá níbẹ̀? Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Bí orí ọmọ bá wọ́ lójú àgbà, àgbà náà la máa bi, a kì í bi ọmọ náà pé kí ló dé tí ọrùn rẹ̀ kò le.

Ìjìyà náà ti le sí i. Láti ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2022, ẹni tó bá fi ìwakọ̀ eléwu pa èèyàn lè gba ẹ̀wọ̀n gbére, ọdún 14 ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ tó dé ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká dá a dúró. Àwọn ọlọ́pàá West Midlands, ní agbègbè Birmingham, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní 2016 tí ọlọ́pàá mìíràn ti wá kọ́ lára wọn. Ọlọ́pàá kan á wọ aṣọ lásán, á gun kẹ̀kẹ́ tó ní kámẹ́rà. Bí awakọ̀ bá sún mọ́ ọn jù, á ránṣẹ́ sí ẹnì kejì rẹ̀ tó wà níwájú, ìyẹn á dá ọkọ̀ náà dúró. Wọ́n á tẹ́ ẹní ńlá kan sílẹ̀ tí wọ́n ya títì àti kẹ̀kẹ́ sí, wọ́n á sì fi àyè tó yẹ han awakọ̀ náà níbẹ̀. Bí ohun tó ṣe bá burú ju kí wọ́n kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ lọ, ilé ẹjọ́ ló ń lọ. Ohun tó wù mí nínú rẹ̀ ni pé kò dúró de òkú. Sísún mọ́ ọn yẹn fúnra rẹ̀ ti tó ẹ̀ṣẹ̀.

Kámẹ́rà ló gbe Jeremy Vine náà, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ BBC tí tọmọdé tàgbà mọ̀ níbí. Ní 2016 ó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé ní Kensington, ní títì kan tó há, ọkọ̀ tí wọ́n páàkì kún etí rẹ̀, ó sì wà láàárín gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. Awakọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fọn fèrè títí, ó sọ̀ kalẹ̀, ó bú u, ó sì halẹ̀ mọ́ ọn. Ní 2017 ilé ẹjọ́ rán awakọ̀ náà lọ sẹ́wọ̀n. Mo máa ń ronú nípa ọmọ tó ń gbé oúnjẹ yẹn, tí kò ní kámẹ́rà, tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ikú ni ìbínú ń fà. Lọ́rì tó ń yà sósì ti pa ọ̀pọ̀ agunkẹ̀kẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí pé awakọ̀ jókòó sókè, ara lọ́rì sì bo ẹni tó wà nísàlẹ̀ mọ́ ọn lójú. Láti 2021, lọ́rì tó bá ju tọ́ọ̀nù 12 lọ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ tó dá lórí bí awakọ̀ ṣe lè ríran tó láti orí ìjókòó rẹ̀ kó tó lè wọ ìlú, wọ́n sì tún mú un le sí i ní oṣù Kẹwàá 2024. Ẹ̀kọ́ kan tún wà fún àwọn awakọ̀ lọ́rì tí wọ́n máa ń lo nǹkan bí ìdajì ọjọ́ níbẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, láàárín ọkọ̀, ní títì gidi. Àwọn agunkẹ̀kẹ́ náà, ọlọ́pàá máa ń pè wọ́n kí wọ́n wá gun lọ́rì, kí wọ́n fojú ara wọn rí ibi tí awakọ̀ kò lè rí. Ìbá wù mí kí wọ́n gbé gbogbo wa gun kẹ̀kẹ́ báyìí kí wọ́n tó fún wa ní ìwé ìwakọ̀, ọlọ́kọ̀ kékeré ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé.

Mo mọ̀ pé ẹni tó ń ka èyí ní Òṣogbo tàbí Ṣágámù lè sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Bàbá mi, olùkọ́ ni nínú ìletò kan lẹ́yìn Ìwó. Kẹ̀kẹ́ Raleigh ló ń gùn, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é nígbà náà wà ní Nottingham, ní ilẹ̀ tí mo wà yìí. Orí kárìà rẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí, tí ẹsẹ̀ mi méjèèjì ń mì. Nígbà yẹn, ẹni tó ní kẹ̀kẹ́, èèyàn pàtàkì ni: olùkọ́, akọ̀wé, wolé-wolé, ẹni tó ń ra kòkó. Wọ́n á dá a dúró láti kí i. Lónìí, ta ló kù lórí kẹ̀kẹ́ ní Ìbàdàn àti Èkó? Ọmọ tó ń ta FanYogo. Mẹ́gàdì tó ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, amòfin àti dókítà ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ibi iṣẹ́, síbẹ̀ wọ́n ń bú wọn. Nílé, ẹni tí kò ní nǹkan kan ló ń gùn ún, ìwọ̀sí òṣì rẹ̀ sì tún wà lórí ìwọ̀sí kẹ̀kẹ́.

Nígbà tí mo wálé kẹ́yìn, mo rí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ FanYogo yẹn ní Ring Road ní Ìbàdàn. Àpótí wúwo níwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, òógùn ti mú kí ṣẹ́ẹ̀tì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, ó sì fara mọ́ etí títì débi pé táyà rẹ̀ kù díẹ̀ kó bọ́ sí gọ́tà. Jíìpù kan dé lẹ́yìn rẹ̀, ó fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan tí gbogbo wa fi ta gìrì. Àyè wà. Títì fẹ̀ níbẹ̀, ọkọ̀ kankan kò sí lápá kejì. Ó kàn fẹ́ kí ọmọ náà mọ̀ pé òun ń bọ̀ ni. Ọmọ náà bọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ gbá kẹ̀kẹ́ mú, ó dúró títí jíìpù fi kọjá. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lóòrùn, "ẹ kú iṣẹ́" la fi ń kí i nílẹ̀ wa. Bí ọkùnrin inú jíìpù yẹn bá ń fẹsẹ̀ rìn, á kí i.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.19 èèyàn ni ìjàm̀bá ọkọ̀ pa lágbàáyé ní 2021. Ó ju ìdajì wọn lọ tí kò sí nínú ọkọ̀ rárá: àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ni, àwọn ọlọ́kadà, àwọn agunkẹ̀kẹ́. Wọlé Ṣóyínká, tó jẹ́ alága àkọ́kọ́ fún FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó Nàìjíríà, nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1988, ti ń bá awakọ̀ fa ọ̀rọ̀ ìwà wọn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ kí ìjọba àpapọ̀ tó dá sí i. Wọ́n ti tún ọ̀pọ̀ ọ̀nà ṣe látìgbà náà. Ìwà wa lẹ́yìn sítíárìn kò gba kọntírátọ̀.

Nítorí náà, kí ni kí awakọ̀ ṣe? Kó tètè jáde nílé. Kó má gbé fóònù lọ́wọ́. Níbí, owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 200, àmì mẹ́fà á sì wọ ìwé ìwakọ̀ rẹ̀. Bí inú bá ti ń bí i láti ilé, kó jókòó sínú ọkọ̀ ná kó tó tan iná sí i. Ohun tí fèrè wà fún ni láti jẹ́ kí ẹlòmíràn mọ̀ pé o wà níbẹ̀, kì í ṣe láti fi bú u. Bí kò bá sí àyè, kò sí àyè nìyẹn, kó dúró.

Ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí, ó sì ń pani. Ìwé òfin ní kí ẹni tó fẹ́ sọ̀ lo ọwọ́ tó jìnnà sí ilẹ̀kùn láti ṣí i. Ọwọ́ ọ̀tún ni awakọ̀ ń jókòó sí níbí, nítorí náà ọwọ́ òsì ló máa fi ṣí i. Nílé, ọwọ́ ọ̀tún ni. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò: bí ọwọ́ yẹn bá ti kọjá síwájú àyà, ara á yí, ojú á sì bọ́ sẹ́yìn fúnra rẹ̀, á rí ẹni tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ṣí ilẹ̀kùn lu èèyàn lè san owó ìtanràn tó tó pọ́n-ùn 1,000.

Takisí ni ọkọ mi ń wà, èrò ẹ̀yìn ló sì ń já a láyà jù, pàápàá ní alẹ́ Sátidé tí wọ́n bá ti mu díẹ̀. Bó bá ti dúró, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣí i o." Á wo dígí, á yíjú wẹ̀yìn, á wá ní ó ti yá. Àwọn mìíràn á pòṣé, wọ́n á ní ó ń fi àkókò àwọn ṣòfò. Ó ní òun lòun yan ibi tí wọ́n ti ń sọ̀, bí ilẹ̀kùn bá lu ẹnì kan níbẹ̀, ọwọ́ òun ló wà. Wọ́n ń pòṣé, ó ń yíjú wẹ̀yìn.